Ẹni Tó Jìn sí Kòtò: Ta Ló Yẹ Kí Ẹgbẹ́ Yìn?

  

Àwa Yorùbá fẹ́ràn láti máa yin ẹni tó bá ṣe dáadáa. Wọ́n ní yínni yínni, kẹ́ni ó lè ṣe mìíràn. Nínú ẹgbẹ́ bíi tiwa yìí, ẹni tó bá gbẹ́ kànga fún mọ́sálásí, ẹni tó bá ra ẹní tàbí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ẹni tó bá san owó ilé-ìwé fún ọmọ aláìní, a máa ń pè é jáde, a máa ń fún un ní ìwé ẹ̀yẹ, àwọn ìyá alásàláátù á sì kọrin kì í. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí a kì í pè jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ dárúkọ wọn láàárín ìpàdé, ńṣe ni ojú máa ń ti àwọn mìíràn. Àwọn ni mo fẹ́ kí á jọ rò lónìí.

Òṣìṣẹ́ tí mò ń sọ ni ọkùnrin tàbí obìnrin tó ti lo oògùn olóró rí, tó wá ń padà tọ àwọn tó ṣì wà nínú rẹ̀ lọ láti gba ẹ̀mí wọn là. N ó máa pè é ní alábàárìn, nítorí pé ńṣe ló ń bá wọn rìn. Ìbéèrè náà nìyí: ṣé ó tọ́ kí ẹgbẹ́ Mùsùlùmí bu ọlá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀? Bí ó bá sì tọ́, irú ọlá wo ni?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ti máa sọ pé, "Àsítàgfìrúlàhì! Ṣé ọmọ igbó náà la ó wá fi ṣe àwòkọ́ṣe?" Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kí á yẹ̀ ẹ́ wò tinú tòde.

IṢẸ́ TÍ ALÁBÀÁRÌN Ń ṢE

Ibi tí àlùfáà kì í dé, tí nọ́ọ̀sì kì í dé, tí òbí kò sì mọ ọ̀nà rẹ̀, ibẹ̀ ni alábàárìn ń lọ. Ó ń lọ sí ilé àkọ́patì, ó ń lọ sí ẹ̀yìn ọgbà iléeṣẹ́ tó ti kú, ó ń jókòó sí ibi tí àwọn Haúsá ń pè ní majalisa. Kì í fi wáàsí bẹ̀rẹ̀. Omi ló máa kọ́kọ́ fún wọn, yóò béèrè bóyá wọ́n ti jẹun. Bí ó bá rí ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ oògùn sára, yóò là á yé e pé abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tí ènìyàn méjì bá jọ lò lè kó kòkòrò HIV àti àrùn inú ẹ̀dọ̀ láti ara ẹnì kan sí ara ẹnì kejì. Níbi tí ètò bá wà fún un, yóò gba èyí tí wọ́n ti lò lọ́wọ́ rẹ̀, yóò fún un ní tuntun. Bí ẹni náà bá wá sọ lọ́jọ́ kan pé ó ti sú òun, alábàárìn ni yóò tẹ̀ lé e dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà, bí irú àwọn tó wà ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Barnawa, tí kò jìnnà sí wa.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹyọ kan nínú ìmọ̀ rẹ̀ wá, nítorí pé ó lè gba ẹ̀mí là nínú ilé ẹnikẹ́ni lára wa. Kódéènì, tramadol àti heroin, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà ṣọṣẹ́. Bí wọ́n bá pọ̀ jù lára, wọ́n máa ń mú kí èémí fà sẹ́yìn. Ẹni náà á sùn lọ, a ó pè é títí kò ní dáhùn, ètè rẹ̀ á máa ṣú, èémí rẹ̀ á máa wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú ilé wa, epo pupa tàbí mílíìkì la máa ń sáré dà sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́ kò lè gbé nǹkan mì dáadáa. Nǹkan náà lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, kí ó sì pa á kí oògùn tó pa á. Alábàárìn mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ni kí a fi ẹni náà lé, kí a má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kí a sì gbé e dé ilé ìwòsàn ní kíá. Ó tún mọ̀ pé oògùn kan wà tó ń jẹ́ naloxone, tó máa ń gba èémí ẹni náà padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ bí wọ́n bá tètè rí i lò fún un.

Ibo ló ti kọ́ gbogbo èyí? Díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n kọ́ ọ. Èyí tó pọ̀ jù, inú kòtò ló ti kọ́ ọ. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. A máa ń pa òwe yìí bí ẹni pé ẹ̀kọ́ náà ni ká má baà tọ ọ̀nà tí ẹni náà tọ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀. Bí ọmọ mìíràn bá tún jìn sí kòtò kan náà, ta ló mọ bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti rí, ta ló mọ ibi tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀ tí a fi lè jáde, bí kò ṣe ẹni tó ti wà níbẹ̀ rí?

Ọ̀RỌ̀ NÁÀ WÀ NÍLÉ WA

Ẹ má jẹ́ kí á máa ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn là ń sọ. Iṣẹ́ ló mú àwọn bàbá wa wá sí Kakuri. Kaduna Textile bẹ̀rẹ̀ ní 1957, wọ́n dá United Nigerian Textiles sílẹ̀ ní 1964, Arewa Textiles àti àwọn mìíràn wà níbẹ̀, iléeṣẹ́ Peugeot sì bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní 1975. Nígbà tó yá, àwọn iléeṣẹ́ aṣọ wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí United Nigerian Textiles ti ìlẹ̀kùn ní oṣù October 2007, àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní 4,000 ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n tún un ṣí díẹ̀ ní 2010, ṣùgbọ́n kò padà sí bó ti wà tẹ́lẹ̀. N kò sọ pé àìríṣẹ́ nìkan ló ń mú ọmọ lo oògùn, nítorí ọmọ olówó náà ń lò ó. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn ọmọ tó dàgbà sẹ́yìn ìlẹ̀kùn títì wọ̀nyẹn, ọmọ wa ni wọ́n.

Ní 2018, àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè wa àti àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró ṣe ìwádìí káàkiri Nàìjíríà. Wọ́n rí i pé àwọn tó tó mílíọ̀nù 14.3, láti ọmọ ọdún 15 títí dé 64, ló lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan. Bí a bá kó ènìyàn méje jọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnì kan wà nínú wọn. Nínú mẹ́rin tó ń lò ó, ọ̀kan jẹ́ obìnrin. Àwọn tó ń gún un sára ní abẹ́rẹ́ sì tó nǹkan bí 80,000. Nínú oṣù May ọdún kan náà ni ìjọba ní kí wọ́n má ṣe gbé oògùn ikọ́ tó ní kódéènì wọ̀lú mọ́, kí wọ́n má sì ṣe é nílé. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí wa nídìí àlùwàlá ní Jímọ̀, a kò mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí nílé lórí ọmọ rẹ̀.

Ìtìjú yìí ti mú àwọn òbí kan ṣe ohun tí kò yẹ. Ní oṣù September 2019, ní Rigasa níbí nínú Kaduna, ọlọ́pàá wọ ilé kan tí wọ́n ń pè ní ilé ẹ̀kọ́ Àlùkùránì àti àtúnṣe ìwà. Wọ́n bá ọkùnrin àti ọmọkùnrin tó lé ní 300 níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀, àpá ẹgba sì wà lára àwọn mìíràn. Àwọn kan nínú wọn, ẹbí wọn ló mú wọn lọ síbẹ̀ nítorí oògùn olóró. N kò rò pé àwọn òbí wọ̀nyẹn kórìíra ọmọ wọn. Ọ̀nà ló pin mọ́ wọn lójú, wọn kò sì mọ ẹni tí wọ́n lè sọ fún. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí ọmọ ẹni bá burú títí, a kì í lé e fún ẹkùn pa jẹ. Bí alábàárìn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ tí wọ́n sì fọkàn tán bá wà ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, òbí tí ilẹ̀ bá mọ́ bá irú wàhálà yìí yóò ní ilẹ̀kùn tí yóò kàn kí ó tó ronú kan ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

KÌ Í ṢE OHUN TUNTUN

Àwọn tó ń lo oògùn fúnra wọn ló kọ́kọ́ dá irú iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Ní ìlú Amsterdam ní Netherlands, ní 1984, àwọn tó ń lo oògùn tí wọ́n kó ara wọn jọ ní ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pín abẹ́rẹ́ tuntun fún ara wọn, àjọ ìlera ìlú náà sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìbẹ̀rù àrùn inú ẹ̀dọ̀ ló mú wọn ṣe é, nítorí pé onílé oògùn kan láàárín ìlú ti kọ̀ láti máa ta abẹ́rẹ́ fún wọn. Ìgbà tí àrùn éèdì gbilẹ̀ ni àwọn ìjọba mìíràn tó mọ̀ pé àwọn tí a ń pè ní aláìwúlò yìí ti ríran ṣáájú.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé àṣà òyìnbó ni, ẹ jẹ́ kí á wo àwọn ilẹ̀ Mùsùlùmí. Ní Iran, ní 2005, olórí àwọn adájọ́ wọn kọ̀wé sí àwọn adájọ́ yòókù pé kí wọ́n má ṣe dí àwọn tó ń pín abẹ́rẹ́ tuntun àti àwọn tó ń fi oògùn methadone tọ́jú aláìsàn lọ́wọ́. Ní Malaysia, ètò abẹ́rẹ́ tuntun bẹ̀rẹ̀ ní 2006, mọ́sálásí kan sì wà ní Kuala Lumpur tí wọ́n ti ń fún àwọn aláìsàn ní methadone, tí wọ́n tún ń kọ́ wọn ní ẹ̀sìn níbẹ̀. Ní Senegal, wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú kan sínú ilé ìwòsàn Fann ní Dakar ní 2014, àwọn tó ti lo oògùn rí sì wà lára àwọn tó ń wá aláìsàn kiri ìgboro wá síbẹ̀. Nílé wa níhìn-ín, ní 2020, wọ́n fi ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Gombe àti Abia dán ètò abẹ́rẹ́ tuntun wò. Kò sí èyí tó lè rìn nínú gbogbo rẹ̀ bí kò bá sí alábàárìn. Dókítà lè kọ ìwé oògùn, ṣùgbọ́n àwọn tó ń sá fún ọlọ́pàá kò ní wá bá dókítà tí wọn kò mọ̀.

OHUN TÍ Ẹ̀SÌN WA FI HÀN

Kò sí àríyànjiyàn pé ohun tó ń pa ọpọlọ jẹ́ haramu. Sùúrà Màídà ti là á mọ́lẹ̀, alábàárìn kò sì wá yí i padà. Ṣùgbọ́n Sùúrà yẹn kan náà ló fi yé wa pé ẹni tó bá gba ẹ̀mí kan là, ó dà bí ẹni tó gba gbogbo ènìyàn là. Àyà náà kò ní kí á kọ́kọ́ wádìí irú ẹ̀mí tó jẹ́.

Ẹ rántí ará oko tó wọ mọ́sálásí Ànábì tó sì ń tọ̀ síbẹ̀. Àwọn sàhábé sáré sí i. Ànábì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ títí tí yóò fi tọ̀ tán, kí wọ́n wá da omi sí ojú ibẹ̀. Ṣé Ànábì fọwọ́ sí ìtọ̀ nínú mọ́sálásí ni? Ó tì o. Bí wọ́n bá dà á láàmú, yóò ṣe ara rẹ̀ léṣe, ìtọ̀ náà á sì tàn káàkiri. Ìpalára kékeré ni ó gbà láti fi dènà ńlá, lẹ́yìn náà ló wá fi pẹ̀lẹ́tù kọ́ ọkùnrin náà. Abẹ́rẹ́ tuntun tí alábàárìn ń fún ẹni tí kò tíì lè jáwọ́, ọ̀nà yìí ló ń tọ̀.

Ẹ tún rántí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Abdullah, tó máa ń pa Ànábì lẹ́rìn-ín. Ọtí máa ń bá a jà. Wọ́n mú un wá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n nà án. Wọ́n tún mú un wá, wọ́n tún nà án. Ẹnì kan wá ṣépè fún un nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń pọ̀ jù. Ànábì kọ̀ fún onítọ̀hún, ó sì jẹ́rìí pé ọkùnrin náà fẹ́ràn Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Ẹ kíyè sí ọ̀nà méjèèjì tó wà níbẹ̀. Wọn kò sọ ọtí di halali nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọtí kò sọ pé kò sí ohun rere kankan mọ́ lára rẹ̀ tí ẹnu Ànábì lè jẹ́rìí sí. Bí Ànábì bá lè sọ rere nípa ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ ṣì ń bá jà, kí ló dé tí ẹnu tiwa fi wúwo?

ÀWỌN TÍ WỌ́N NÍ ÀWÍJÀRE

Àwọn kan yóò ní bí a bá yin irú ẹni yìí, àwọn ọmọ wa á rò pé ọ̀nà ọlá ni oògùn jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, mi ò fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bi ara wa pé kí gan-an là ń yìn. Nígbà tí a bá yin ẹni tó yọ ọmọ nínú iná, tí àpá iná wà lára òun náà, kò sí ọmọdé tó máa tìtorí bẹ́ẹ̀ lọ sun ara rẹ̀. Ohun tí a sọ pé a torí rẹ̀ yìn ín ni ọmọdé máa dì mú. Kí á sọ ọ́ ketekete: àbójútó ẹlòmíràn la torí rẹ̀ pè ọ́.

Àwọn mìíràn yóò ní, "Bí kò bá tíì jáwọ́ pátápátá ńkọ́?" Èyí ló le jù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á jáwọ́, wọ́n á tún ṣubú, wọ́n á tún dìde. Èrò tèmi ni pé ipò ní ìwọ̀n tirẹ̀. A kò ní fi ẹni tí ojú rẹ̀ kò tíì dá ṣe lèmámù, a kò sì ní kó ọmọ kéwú lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ṣe, iṣẹ́ ni. Bí ó bá gbé ẹni tó ń kú lọ dé ilé ìwòsàn lánàá, tí ẹni náà sì yè, àṣìṣe tí òun fúnra rẹ̀ ṣe lónìí kò lè pa ẹni tó yè náà padà. Ọlọ́hun kì í da iṣẹ́ rere olùṣe rere nù. Àwa ta ni tí a ó dà á nù?

IRÚ ỌLÁ WO?

Níbí ni mo ti fẹ́ kí á ṣọ́ra, nítorí pé a lè fẹ́ bu ọlá fún ènìyàn kí á sì dójú tì í. Ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni pé kí á pè é síwájú jámáà, kí á gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún un pé kí ó máa ròyìn bí òun ti mu igbó tó, bí òun ti jalè bàbá òun tó. Ẹ má jẹ́ kí á ṣe bẹ́ẹ̀. Ànábì ti kìlọ̀ fún wa nípa ẹni tí Ọlọ́hun bo àṣírí rẹ̀ lóru tí òun fúnra rẹ̀ wá ń tú u ní àárọ̀. Ohun tí alábàárìn bá sọ fún arákùnrin kan ní kọ̀rọ̀ láti fi fà á sókè, oògùn ni. Ohun tí a bá fi ipá gbà lẹ́nu rẹ̀ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìyà kejì ni. Ọmọ rẹ̀ wà ní ilé-ìwé, àna rẹ̀ wà ní àdúgbò. Ọlá tó bá béèrè pé kí ènìyàn tú ara rẹ̀ sí ìhòòhò kì í ṣe ọlá. Ti obìnrin ló tún burú jù, nítorí pé ìgboro kì í dárí ji obìnrin bí ó ti ń dárí ji ọkùnrin.

Ọlá àkọ́kọ́ tí mo rò pé ó yẹ wọ́n ni owó iṣẹ́. A ti sọ fún wọn pẹ́ pé ojú Ọlọ́hun ni kí wọ́n máa wò. Gbogbo wa là ń wojú Ọlọ́hun, síbẹ̀ dókítà ń gba owó oṣù, awakọ̀ tó gbé dókítà wá náà ń gbà. Nínú Sùúrà Táóbà, níbi tí Ọlọ́hun ti ka àwọn mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí, Ó ka àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ mọ́ wọn. Nígbà ìjọba Sàyìdínà Umar, òṣìṣẹ́ kan kọ owó iṣẹ́ rẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ kí ó jẹ́ sàráà. Umar fún un lésì pé irú ohun kan náà ni òun ṣe sí Ànábì, Ànábì sì ní kí òun gbà á. Bí owó kò bá tó láti san fún wọn lóṣooṣù, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wá owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ fún wọn, kí ó sì jẹ́ ẹ̀tọ́ wọn, kí wọ́n má máa tọrọ rẹ̀.

Èkejì ni àga. Nígbà tí ẹgbẹ́ bá ń jíròrò ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ àti oògùn olóró, kí alábàárìn jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí a fẹ́ gbọ́ èrò rẹ̀, kí a má kàn pè é wá ṣí àdúà. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ààbò. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi òfin dá NDLEA sílẹ̀ ní 1989, iṣẹ́ wọn ni láti mú oníṣòwò oògùn olóró, a sì ń bá wọn ṣàdúà. Ṣùgbọ́n alábàárìn tí wọ́n bá láàárín àwọn tó ń lo oògùn, ojú kan náà ni wọ́n lè fi wò ó. Lẹ́tà kan láti ọwọ́ ẹgbẹ́, tí alága àti lèmámù fọwọ́ sí, tó sọ iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe, lè gbà á lọ́wọ́ ìyà. Bébà lásán ni, ṣùgbọ́n orúkọ wa wà lára rẹ̀. Bóyá ohun tó ń bà wá lẹ́rù gan-an nìyẹn.

Ẹ̀kẹrin, kí á kí i. Lẹ́yìn ìrun, kí á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bí a ti ń bọ àwọn yòókù. Bí ó bá ṣe ìsọmọlórúkọ, kí á lọ. Bí ó bá kú, kí á kírun sí i lára kí á sì tẹ̀ lé e dé itẹ́, kí ó má jẹ́ pé àwọn tó yọ nínú kòtò nìkan ni yóò sin ín.

Ẹ̀yin ará mi, bí a kò bá yin wọn, wọn yóò ṣì máa ṣe é, nítorí pé ohun tí ojú wọn ti rí kò ní jẹ́ kí wọ́n sùn. Ṣùgbọ́n àwọn tó lè darapọ̀ mọ́ wọn yóò máa sá sẹ́yìn, òbí tó nílò wọn kò ní mọ ibi tí wọ́n wà, ọmọ tí ì bá yè yóò sì kú sí ẹ̀yìn ògiri kan ní Kakuri yìí.

Kí Ọlọ́hun bo àṣírí wa, kí Ó fọwọ́ wọ́ àwọn tó wà nínú ìdààmú, kí Ó gbé àwọn tó ṣubú dìde, kí Ó sì san ẹ̀san rere fún àwọn tó ń na ọwọ́ sí wọn. Àmín. Másàlámù.